Igbó Abẹ́ Ilẹ̀: Bí Àwọn Àgbẹ̀ Maradi Ṣe Gba Igi Oko Wọn Padà

Ẹni tó bá kọjá Katsina, tó sì la ẹnubodè Jibiya, kò ní pẹ́ kó tó wọ Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger. Ilẹ̀ Háúsá kan náà ni, èdè kan náà, ìbátan kan náà. Àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fa ààlà sáàárín wọn. Ọkà bàbà, jéró, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí òjò kì í rọ̀ sí ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lọ́dún. Oko kéékèèké ni, ọwọ́ àti ọkọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ro ó. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórí àwọn oko yìí láti ọdún 1983 ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí mi ò mọ ibòmíràn ní Áfíríkà tí àwọn àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ ti mú igi padà sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìnáwó tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Láyé àwọn baba ńlá wọn, igi pọ̀ lóko. Wọ́n mọyì igi kan tí Háúsá ń pè ní gao ju gbogbo ìyókù lọ. Ní Zinder, tó wà ní ìlà-oòrùn Maradi, ìtàn sọ pé Sultan Tanimoune, tó jọba Damagaram ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kéde pé ẹni tó bá gé gao láìgbàṣẹ, orí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Ìdí wà tí ọba fi ń ṣọ́ igi bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, tí igi yòókù ń rúwé, ewé gao máa ń wọ́ dànù, oòrùn á sì ráyè dé ara ọkà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo nǹkan gbẹ, ìgbà yẹn ló ń rúwé, tó ń so èso tí màlúù àti àgùntàn fẹ́ràn gidigidi. Gbòǹgbò rẹ̀ tún ń fi kún ọ̀rá ilẹ̀. Igi tí kì í bá ọkà du oòrùn, tó sì ń bọ́ ẹran nígbà tí koríko tán, ìṣúra ni lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Àwọn Faransé dé, wọ́n fẹ́ ẹ̀pà tí wọn yóò kó lọ sókè òkun. Oko ẹ̀pà gbòòrò, igi ń dínkù. Lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba rán wá ń kọ́ àwọn ènìyàn pé oko tó mọ́ ni oko tó dára: kí a hú gbogbo kùkùté kúrò kí màlúù lè fa ohun ìtúlẹ̀ lọ láìsí ìdíwọ́. Ọ̀dá ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 títí dé 1973 ló wá parí rẹ̀. Ẹni tí ọkà rẹ̀ kú, tí màlúù rẹ̀ kú, igi ló kù tó lè gé tà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa ni ọ̀pọ̀ oko ní Maradi. Afẹ́fẹ́ á gbé iyanrìn bo ọkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù mọ́lẹ̀, tàbí kó fi iyanrìn gbígbóná ge ewé rẹ̀. Àgbẹ̀ á tún un gbìn. Afẹ́fẹ́ á tún dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹlòmíràn ń gbin oko kan náà ní àkókò òjò kan ṣoṣo kí ó tó rí ohun tó dúró. Àwọn obìnrin ń rin ọ̀nà jíjìn láti wá igi ìdáná, nígbà tí kò sì sí mọ́, pòròpórò ọkà àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń dá. Ohun tó yẹ kó padà sínú ilẹ̀ ń jóná lábẹ́ ìkòkò.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà, lójú tèmi, ni òfin. Lọ́dún 1935 ìjọba Faransé ṣe òfin igbó fún gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà níkàáwọ́ wọn. Lábẹ́ òfin yẹn àti àwọn tó jọ ọ́ tó tẹ̀lé e, ìjọba ló láṣẹ lórí igi. Niger gbòmìnira ní 1960, àmọ́ èrò inú òfin náà ò yí padà. Àgbẹ̀ tó bá gé ẹ̀ka igi lóko baba rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, aṣọ́gbó lè mú un, kó bu owó ìtanràn lé e, tàbí kó gbé e tì mọ́lé. Igi tó bá hù lóko rẹ̀, òun ni yóò máa yí i ro, òun ni yóò máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá dàgbà, ti ìjọba ni. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó gbọ́n á fà á tu nígbà tó ṣì kéré. Igi tó dàgbà tí kò sì ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń gé e. Òfin tí wọ́n ní àwọn ṣe láti dáàbò bo igi ló sọ igi di ọ̀tá àgbẹ̀.

Ìjọba àti àwọn aláàánú ilẹ̀ òkèèrè rí i pé aṣálẹ̀ ń sún mọ́lé. Ohun tí wọ́n mọ̀ láti ṣe ni pé kí wọ́n gbin igi. Wọ́n gbin ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ igi, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ irú tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn. Ọ̀dá pa òmíràn, ewúrẹ́ jẹ òmíràn, ikán jẹ òmíràn, àwọn ará abúlé kò sì bìkítà, nítorí kò sí ohun tó kàn wọ́n nínú rẹ̀.

Lára àwọn tó ń gbin igi yìí ni Tony Rinaudo, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Australia tó kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wá bá ìjọ ajíhìnrere SIM ṣiṣẹ́ ní Maradi. Bó ṣe ń gbin igi ni wọ́n ń kú. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1983, ó kó ọmọ igi sínú ọkọ̀, ó ń lọ sí àwọn abúlé, ó dúró lọ́nà láti dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ọkọ̀ lè rìn lórí iyanrìn. Ó wò yíká, kò rí nǹkan kan àfi ilẹ̀ gbígbẹ àti igbó wẹ́wẹ́ káàkiri. Ó rìn lọ sídìí ọ̀kan, ó wo ewé rẹ̀ dáadáa, ó sì rí i pé kì í ṣe igbó wẹ́wẹ́ rárá. Igi ni, igi tí wọ́n ti gé, tó ń rú èéhù láti ara kùkùté rẹ̀.

Yorùbá ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Gbòǹgbò ni kùkùté fi lágbára bẹ́ẹ̀. Igi tí a gé lórí ilẹ̀ ní Maradi, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè nísàlẹ̀, ó ti jìn dé ibi tí omi wà, ó sì ń ti èéhù jáde lọ́dọọdún. Lọ́dọọdún náà ni àgbẹ̀ ń gé e dànù nígbà tó bá ń ṣánko. Àìmọye irú kùkùté bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ àwọn oko tí gbogbo ayé rò pé ó ti di aṣálẹ̀. Ọmọ igi tí wọ́n ń ná owó ńlá lé lórí láti gbìn kò lè ní irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé òyìnbó kan ló wá kọ́ Háúsá bí igi ṣe ń hù. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé kùkùté ń rúwé. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń gé e. Àwọn kan ní àgbègbè Aguié, ní Maradi kan náà, sọ pé àwọn fúnra wọn ti rí àǹfààní rẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ tó lọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ́ kí wọ́n tó dé, òjò ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò ráyè ṣánko, wọ́n gbin ọkà sáàárín èéhù igi bẹ́ẹ̀, ọkà wọn sì ṣe dáadáa ju ti àwọn tó fọ oko mọ́ lọ. Ohun tó kù ni pé kí ẹnìkan fi ìgboyà sọ pé ẹ jẹ́ kí ó máa hù, kí ìbẹ̀rù aṣọ́gbó sì kúrò lọ́rùn àgbẹ̀.

Nǹkan bí àgbẹ̀ mẹ́wàá ló kọ́kọ́ gbà. Àwọn ará abúlé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní oko wọn dọ̀tí, àwọn kan sì ń jí igi wọn gé. Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí ọ̀dá 1984 fi dé, ìyàn sì tẹ̀lé e. Oúnjẹ ìrànwọ́ wọlé. Àwọn ajíhìnrere ní ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ dá èéhù igi sí lóko rẹ̀. Abúlé bíi 95 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, igi tí wọ́n dá sí sì ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, tí oúnjẹ ìrànwọ́ dúró, wọ́n gé ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta igi náà lulẹ̀.

Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pín ìrànwọ́ fún àgbẹ̀ dúró sí kó ronú. Àwọn àgbẹ̀ tó gé igi náà kì í ṣe aláìmoore. Iṣẹ́ tí a sanwó fún ti parí, ìrísí oko tó mọ́ ṣì ni àwùjọ ń yìn, kò sì sí ẹni tó tíì sọ fún wọn pé tiwọn ni igi náà. Oúnjẹ lè mú ènìyàn ṣe nǹkan fún ọdún kan. Kò lè mú un tọ́jú igi tí ẹlòmíràn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta kù. Àwọn tó dá tiwọn sí rí i pé iyanrìn kò bo ọkà tó wà láàárín igi mọ́lẹ̀ mọ́, wọ́n sì rí ẹ̀ka gé tà. Ní àkókò náà, ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó ní Maradi gbà láti mójú kúrò: ẹni tó bá tọ́jú igi lóko rẹ̀, kó máa gé ẹ̀ka rẹ̀ lò, kó máa tà á, ẹnikẹ́ni kò ní mú un. Kò sí ìwé òfin kankan tó yí padà lọ́jọ́ náà, àdéhùn ẹnu ni. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ń ti ẹnu àgbẹ̀ kan bọ́ sí etí àgbẹ̀ kejì, láti abúlé dé abúlé, lọ́jà àti níbi ìgbéyàwó. Ní Zinder, àwọn àgbẹ̀ dá gao sí lórí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù kan hẹ́kítà, tó jẹ́ pé lórí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí àjọ kankan tó rán wọn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Lẹ́yìn ìkórè, àgbẹ̀ á rin oko rẹ̀ já, á yan àwọn kùkùté tó fẹ́. Kùkùté kan lè rú èéhù tó pọ̀ gan-an. Á yan mẹ́ta sí márùn-ún tó ga jù, tó sì dúró ṣánṣán, á gé ìyókù. Ọ̀bẹ tó mú ló ń lò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ló sì ń gé ẹ̀ka kéékèèké, kí èèpo igi má baà ya, títí dé ìdajì gíga èéhù náà. Ewé tó gé á wà nílẹ̀ kó bo ilẹ̀, kó sì jẹrà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á tún padà wá gé ohun tó bá hù. Tó bá di ọdún kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé èéhù kan lọ́dún fún ìdáná tàbí títà, á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò ra ọmọ igi, kò pọn omi, kò ṣe ọgbà. Sabara àti kalgo ló máa ń kọ́kọ́ pọ̀, wọ́n ń yára dàgbà, igi ìdáná wọn dára. Gao ń pẹ́ díẹ̀, àmọ́ òun ló ń tún ilẹ̀ ṣe jù. Kuka, tí àwa ń pè ní igi oṣè, ewé rẹ̀ ni àwọn obìnrin ń gbẹ tà, ewé kan náà tí àwọn ará Ìlọrin fi ń se ọbẹ̀ lúrú.

Ohun tó so iṣẹ́ náà ró ni àdéhùn láàárín abúlé. Ní Dan Saga, ní àgbègbè Aguié, àwọn ará abúlé yan ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ igi, wọ́n ṣòfin ara wọn lórí ẹni tó bá jí igi gé, wọ́n sì dá ọjà igi sílẹ̀ kí owó lè wọ ọwọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà létí aṣálẹ̀ Sahara, ti lọ wò wọ́n.

Nígbà tí Chris Reij, onímọ̀ ilẹ̀ ará Netherlands, Gray Tappan ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti Mahamane Larwanou ti Niger gbé àwòrán tí wọ́n yà láti òfúrufú ní àwọn ọdún 1970 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn ọdún 2000, wọ́n rí ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà òṣìṣẹ́ kò mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Igi ti padà sórí ilẹ̀ tí wọ́n fojú bù ní hẹ́kítà mílíọ̀nù 5, nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 igi, láàárín ogún ọdún. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni ènìyàn ń pọ̀ sí i ní Niger: mílíọ̀nù 7 àti díẹ̀ ni ìkànìyàn 1988 kà, ti 2012 ka mílíọ̀nù 17. Wọ́n ti máa ń sọ pé tí ènìyàn bá pọ̀, igi á tán. Ní Maradi àti Zinder, ibi tí ènìyàn pọ̀ sí ni igi pọ̀ sí.

Àwọn olùwádìí yìí fojú bù ú pé ọkà tí igi náà ń fi kún ìkórè tó ẹgbẹ̀rún 500 tọ́ọ̀nù lọ́dún, tó lè bọ́ mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ènìyàn. Ìṣirò gbogboogbò ni, òjò ló sì ń pinnu ti ọdún kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó dá mi lójú jù ni àwọn nǹkan kéékèèké tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ: pé ẹ̀ẹ̀kan ni òun ń gbin ọkà báyìí, tó bá pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mejì, pé ìgbẹ́ màlúù ti padà sóko dípò abẹ́ ìkòkò, pé ìyàwó òun kò lo ìdajì ọjọ́ mọ́ láti wá igi. Nígbà tí ebi tún dé ní 2005, ẹni tó ní igi lóko ní ohun tí yóò gé tà kó fi ra ọkà, ó sì ní ewé tí yóò sè. Ẹni tí kò ní, ẹran rẹ̀ ló tà ní iye tí kò tó nǹkan.

Mi ò ní sọ pé gbogbo nǹkan ti dára. Niger ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù láyé. Àwọn ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe níbi pọ̀. Àwọn Fúlàní darandaran ti máa ń gé ẹ̀ka igi fún màlúù wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ọjọ́ pípẹ́, màlúù wọn a sì jẹ pòròpórò lóko lẹ́yìn ìkórè, a fi ìgbẹ́ sílẹ̀ fún àgbẹ̀. Nísinsìnyí igi ti ní olóhun, pòròpórò sì ti di ọjà títà. Níbi tí wọn ò bá pe darandaran sí ìjókòó ìgbìmọ̀, ìjà ló ń yọrí sí. Àwọn obìnrin náà ńkọ́? Obìnrin tó ní oko jèrè. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń wọ́n sí i, oko obìnrin ni ìdílé máa ń kọ́kọ́ gbà padà, igi orí rẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ICRISAT, tó ní ibùdó ní Sadoré nítòsí Niamey, ti gbìyànjú ọ̀nà kan: kí abúlé fún ẹgbẹ́ obìnrin ní ilẹ̀ líle tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, kí wọ́n gbẹ́ kòtò tó ń gba omi òjò sí i, kí wọ́n gbin magarya, igi kan tí èso rẹ̀ ṣeé jẹ, ewé ilé (moringa) àti ilá. Ó dára, àmọ́ ilẹ̀ tí a ti pa tì la fún wọn, èyí sì ń dùn mí.

Òfin wá tẹ̀lé àgbẹ̀ lẹ́yìn. Ìlànà ilẹ̀ ìgbèríko ti 1993 àti òfin igbó ti 2004 fún àgbẹ̀ láyè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2020 ni àṣẹ ìjọba jáde ní tààrà lórí dídá igi sí lóko. Lọ́dún 2018 Rinaudo gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní Sweden, ọdún kan náà tí Yacouba Sawadogo ti Burkina Faso gba tirẹ̀, àgbẹ̀ tó fi zaï, ìyẹn kòtò kéékèèké tó ń gba omi òjò, sọ ilẹ̀ gbígbẹ di igbó, tó sì jáde láyé ní Oṣù Kejìlá 2023. Àmọ́ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn agbébọn tó ń ti Katsina, Zamfara àti Sokoto kọjá ti mú kí oko rírò di ewu ní apá kan Maradi. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey ní Oṣù Keje 2023, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, kò sì ṣí i títí di Oṣù Kẹta 2024. Ọjà ẹ̀wà àti ẹran tó ń lọ sí Katsina àti Kano dènà fún odidi oṣù méje.

Ìdí tí mo fi kọ èyí fún àwa Yorùbá ni Òkè-Ògùn. Láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, èédú ni wọ́n ń fi igi sun, ọkọ̀ ń kó o lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Igi àyìn ń lọ, igi òrí àti igi irú tí àwọn ìyá ń ṣa èso wọn náà ń lọ. Kùkùté wọn ṣì wà nílẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwa ní ìdènà kan tí Maradi kò ní bíi tiwa. Nílẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ tó fi ìṣákọ́lẹ̀ ro ilẹ̀ onílẹ̀ kì í gbin igi síbẹ̀, torí ẹni tó gbin igi dà bí ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀. Kí ni ti èéhù tí kò gbìn, tó kàn tọ́jú? Ta ni yóò gé e ní ọdún kẹta, ta ni yóò ṣa òrí tó bá so? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí baálé, àwọn mọ́gàjí àti àwọn àgbẹ̀ àlejò jókòó sọ nìyẹn kí ìgbà ìṣánko tó dé, kí wọ́n sì pe àwọn obìnrin tó ń ṣa òrí àti àwọn darandaran tó ń gba ibẹ̀ kọjá sí ìjókòó náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.